Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ má sé èémí jù nítorí ìbọn

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp láàrin àwọn ọdẹ wa láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán: pé ẹni tó bá fẹ́ yin ráífù ní ìdúró, láìfara ti igi, kó sé èémí títí ẹnu ìbọn yóò fi dúró gbagidi, kó wá fi ìka fa irin ìyìnbọn lójijì. Irọ́ ni.

Ẹnu ìbọn kì í dúró gbagidi lọ́wọ́ ẹni tó wà lóòró. Àwọn tó ń yin ìbọn atẹ́gùn ní Òlíḿpíìkì pàápàá, tí àárín àmì wọn jẹ́ ìdajì mìlímítà péré láti mítà 10, ìbọn wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó máa mì níwọ̀nba, ìka á sì máa fa irin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ìbọn yóò fi dún. Fífà á lójijì gan-an ló ń gbé ẹnu ìbọn kúrò lójú àmì, ó sì dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ló ń gba èyí gbọ́ jù.

Èémí ńkọ́? Ẹ mí síta díẹ̀, kẹ́ ẹ dá a dúró fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá. Tó bá pẹ́, ojú á máa ṣú, apá á máa gbọ̀n. Ẹ sọ ìbọn kalẹ̀, ẹ mí dáadáa, ẹ tún un gbé. Kí ìgúnpá ọwọ́ tó gbé ìbọn sinmi lé ìhà, kó lè jẹ́ egungun ló ń gbé e.