Ife Tó Gbà Níbòmíràn Kọ́ Ni Yóò Gba Ife fún Wa: Àṣìṣe Kan Nípa Yíyan Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Texas A&M lọ bá LSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana) nílé wọn ní Baton Rouge, wọ́n sì nà wọ́n ní 49 sí 25. Ní ọjọ́ kejì, LSU lé Brian Kelly, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà tí wọ́n fi àdéhùn ọdún mẹ́wàá àti nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 95 gbé wá láti Notre Dame ní ọdún 2021. Owó tí àdéhùn náà ṣì jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n lé e tó nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 54. Mike Elko ló darí Texas A&M lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tí wọ́n mú wá láti Duke, tí kò sì tíì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè rí gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́.

Bọ́ọ̀lù tí mo ń sọ níhìn-ín ni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù tí wọ́n sì ń gbé sáré, bí àwọn ọmọ yunifásítì ṣe ń gbá a. Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, láàárín àwọn olówó tó ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn, àti lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn olùdarí eré ìdárayá pàápàá, pé bí àga akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà bá ṣófo, ẹni tí ó yẹ kí wọ́n wá ni ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, tó ti gba ife tàbí tó ti borí púpọ̀ níbòmíràn, kí wọ́n sì kó owó lé e lórí débi tí kò ní lè kọ̀ ọ́. Wọ́n gbà pé ohun tó ṣe ní ilé àkọ́kọ́ ni yóò tún ṣe ní ilé kejì. Ohun tí mo rí nínú ìtàn eré yìí takò ó pátápátá.

Láti ọdún 1936 tí àwọn oníròyìn Associated Press ti ń fi ìbò to àwọn ẹgbẹ́ ní ipò, ènìyàn méjì péré ló tíì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ní yunifásítì ńlá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nick Saban gbà á ní LSU àti ní Alabama, Urban Meyer gbà á ní Florida àti ní Ohio State. Kò sí ẹlòmíràn. Kì í sì í ṣe pé àwọn yòókù kò gbìyànjú. Johnny Majors gba ife ní Pittsburgh ní ọdún 1976, ó lọ sí Tennessee tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé, ó lo ọdún 16 níbẹ̀, ife kejì kò wá. Lou Holtz gba ti Notre Dame ní 1988. Nígbà tó dé South Carolina, eré 11 ni wọ́n gbá ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1999, wọn kò sì borí nínú ẹyọ kan. Steve Spurrier gba ti Florida ní 1996, òun náà sì lọ sí South Carolina. Iṣẹ́ tó dára ni Spurrier ṣe níbẹ̀, torí ó borí eré 11 ní sáà mẹ́ta léra, láti 2011 sí 2013, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò rí rí. Síbẹ̀, ife orílẹ̀-èdè kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

North Carolina ni ó yẹ kí a wò pẹ́ díẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì léra ni wọ́n gba ọ̀nà kan náà. Ní òpin ọdún 2018, wọ́n mú Mack Brown padà wá, ẹni tó ti gba ife fún Texas ní sáà 2005. Ó darí wọn fún sáà mẹ́fà, wọ́n sì lé e ní 2024 láìjẹ́ pé wọ́n sún mọ́ ife rárá. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n tún wá orúkọ tó tóbi jù ú lọ: Bill Belichick, ẹni tó gba Super Bowl, ife tó ga jù lọ nínú NFL, lẹ́ẹ̀mẹfà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà New England. NFL ni ìdíje tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù tó lè bu ẹnu àtẹ́ lu ìmọ̀ Belichick. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ yunifásítì kankan rí. Ní eré rẹ̀ àkọ́kọ́, yunifásítì TCU nà wọ́n ní 48 sí 14, wọ́n sì parí sáà 2025 pẹ̀lú ìborí mẹ́rin àti ìpàdánù mẹ́jọ. Bóyá ọjọ́ iwájú yóò sàn fún un. Ohun tó dá mi lójú ni pé òkìkí rẹ̀ kò ra nǹkan kan fún wọn lọ́dún yẹn.

Àwọn tó di ìgbàgbọ́ yìí mú máa ń fi Saban dáni lóhùn. Wọ́n ní Alabama lọ mú ẹni tó tóbi jù lọ ní 2007, ó sì gba ife mẹ́fà fún wọn. Òtítọ́ ni pé ó gba mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Alabama lé Mike Shula ní ìparí 2006, Rich Rodriguez ti West Virginia ni wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà lọ̀, ó sì kọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Rodriguez lọ sí Michigan, níbi tó ti borí eré 15 tó sì pàdánù 22 ní sáà mẹ́ta kí wọ́n tó lé e. Ẹni tí Alabama ì bá ti mú nìyẹn. Saban fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti Miami Dolphins nínú NFL, níbi tó ti borí 15 tó sì pàdánù 17; ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Alabama, Louisiana-Monroe tí kò lórúkọ wá nà wọ́n nílé wọn. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ kọ́ lára Saban ni pé kí a ra orúkọ ńlá, nígbà tó jẹ́ pé ètò tó gbé kalẹ̀ lójoojúmọ́, bó ṣe ń yan àwọn ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, àti bó ṣe ń fi àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tó já fáfá yí ara rẹ̀ ká, ni ó ṣiṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a ka ife mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, láti sáà 2016 sí 2025. Dabo Swinney gba méjì fún Clemson, Saban méjì fún Alabama, Kirby Smart méjì fún Georgia. Ed Orgeron gba ọ̀kan fún LSU, Jim Harbaugh ọ̀kan fún Michigan, Ryan Day ọ̀kan fún Ohio State, Curt Cignetti ọ̀kan fún Indiana. Nínú àwọn méje wọ̀nyí, Saban nìkan ló ti gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè rí níbòmíràn kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Olùkọ́ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ lásán ni Swinney nígbà tí wọ́n fi í ṣe adelé ní oṣù kẹwàá 2008, ó sì ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ rí fún ìgbà díẹ̀ láti ṣiṣẹ́ nídìí ilé àti ilẹ̀. Adelé ni Orgeron náà ní 2016, lẹ́yìn tó ti borí mẹ́wàá péré nínú eré 35 ní Ole Miss (Yunifásítì Mississippi). Smart kò ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà níbì kankan kí ó tó dé Georgia.

Indiana ni ó wú mi lórí jù lọ. Ilé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ yẹn. Ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, títí di ọdún 2023, kò sí yunifásítì mìíràn ní ipele tó ga jù lọ tí ìpàdánù rẹ̀ nínú ìtàn pọ̀ tó tiwọn. Eré mẹ́ta péré ni wọ́n borí nínú 12 ní 2023. Ẹni tí wọ́n wá mú ni Cignetti, ọmọ ọdún 62, láti James Madison. Cignetti ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Saban ní Alabama, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2011 láti lọ darí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Pennsylvania, Indiana University of Pennsylvania, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ kan náà ṣáájú rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó lọ sí Elon, ó lọ sí James Madison, kò sì sí ọdún kan tí ìpàdánù rẹ̀ ju ìborí rẹ̀ lọ. Nígbà tó ń bọ̀ ní Bloomington, ìlú tí Yunifásítì Indiana wà, ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti agbábọ́ọ̀lù tó ju mẹ́wàá lọ dání, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ ní bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Sáà àkọ́kọ́, eré 11 ni wọ́n borí. Sáà kejì, wọ́n borí gbogbo eré 16 tí wọ́n gbá, wọ́n sì gba ife orílẹ̀-èdè ní oṣù kìíní 2026, lẹ́yìn tí wọ́n na Yunifásítì Miami ní 27 sí 21.

Ẹni tó bá ka ìwé iṣẹ́ Cignetti láti ìsàlẹ̀ wá sókè yóò rí i pé ohun tó yẹ kí a máa wá wà níbẹ̀ kedere. Kí ó tó dé Indiana, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fún un ní ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ọlọ́lá, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì tún un ṣe tàbí tó mú un tẹ̀síwájú. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tó gba ife ní ilé tí ọrọ̀ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ti wà kí ó tó dé. Àwọn àgbà sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni: bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n rán fún ilé kan lè ṣo ilé mìíràn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan.

Ohun tó so mọ́ ìgbàgbọ́ yìí ni èrò pé lílé akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn. Ní 2013, àwọn onímọ̀ nípa ètò ìṣèlú mẹ́ta, E. Scott Adler, Michael Berry àti David Doherty, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹgbẹ́ ipele tó ga jù lọ láti 1997 sí 2010. Wọ́n fi àwọn ẹgbẹ́ tó pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá wé àwọn tó wà ní ipò kan náà tí kò pààrọ̀. Wọ́n rí i pé fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe dáadáa díẹ̀ tí kò dára jù, àwọn tó pààrọ̀ wá burú ju àwọn tó mú sùúrù lọ. Fún àwọn tó burú jáì, ìpààrọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Nebraska kò jìnnà sí ohun tí wọ́n rí yìí. Bo Pelini borí eré mẹ́sàn-án ó kéré tán ní gbogbo sáà méje tó lò, wọ́n sì lé e ní 2014 pé ìyẹn kò tó. Láti ìgbà náà títí dé òpin sáà 2025, ẹ̀ẹ̀kan péré, ní 2016, ni wọ́n tíì borí eré mẹ́sàn-án. Nínú ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n mú Scott Frost wá, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ náà, tí UCF (Yunifásítì Central Florida) tó darí kò pàdánù eré kankan ní 2017 tí òkìkí rẹ̀ sì ń dún káàkiri. Ó borí 16, ó pàdánù 31.

Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn tó gbọ́n kò fi jáwọ́ nínú ìgbàgbọ́ yìí? Àkókò kò sí. Oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ girama ń fọwọ́ sí ìwé, oṣù kìíní ni àwọn agbábọ́ọ̀lù lè ṣí lọ sí yunifásítì mìíràn, nítorí náà olùdarí eré ìdárayá máa ń yan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn olówó sì ń pè é lójoojúmọ́. Orúkọ ńlá ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀. Bí ó bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé olùdarí náà mú ẹni tí a kò mọ̀. Àwọn tó ń jìyà rẹ̀ jù ni àwọn ọmọ tó wà lórí pápá, tí wọ́n yan ilé-ẹ̀kọ́ nítorí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tí wọ́n sì ń jí lọ́jọ́ kan bá ẹlòmíràn. Ó kan àwa náà. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá pọ̀ lórí pápá wọ̀nyí, bí Olumuyiwa Fashanu tó gbá bọ́ọ̀lù fún Penn State lábẹ́ James Franklin àti Adetomiwa Adebawore tó gbá fún Northwestern, òbí tó bá sì jókòó pẹ̀lú akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú pálọ̀ rẹ̀ yẹ kó mọ̀ bí àga tí ẹni náà jókòó lé ṣe dúró tó. Penn State tí Franklin mú dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní oṣù kìíní 2025 lé e ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, lẹ́yìn ìpàdánù mẹ́ta léra.

Olùdarí kan náà, Scott Woodward, ló wà ní Texas A&M nígbà tí wọ́n mú Jimbo Fisher wá ní 2017, tó sì wà ní LSU nígbà tí wọ́n mú Kelly wá. Fisher ti gba ife fún Florida State ní sáà 2013. Texas A&M tí ife rẹ̀ gbẹ̀yìn ti wà láti 1939 fún un ní ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù dọ́là 75, tí wọ́n ṣèlérí gbogbo rẹ̀ láìsí àyè fún ìfàsẹ́yìn, wọ́n sì tún fi kún un ní 2021. Ní oṣù kọkànlá 2023 wọ́n lé e, pẹ̀lú ìborí 45 àti ìpàdánù 25, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sì lé ní mílíọ̀nù dọ́là 75. Ẹni tí wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀ ni Elko, tó ti darí àwọn agbèjà lábẹ́ Fisher fúnra rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, tó mọ ilé, tó mọ àwọn ọmọ, tí owó ọdọọdún rẹ̀ sì kéré sí ti ọ̀gá rẹ̀ àná. Ní 2025, ó borí eré 11 nínú 12 ó sì mú wọn wọ ìdíje àwọn ẹgbẹ́ 12 tó ń du ife. Títí di ọdún 2031, Texas A&M yóò ṣì máa sanwó fún Fisher.