Èsì wa fún Mọ́mì tó fún wa ní sítáà méjì lórí ìrìnàjò Tortuguero

Ẹ kú ilé o Mọ́mì wa, ẹ sì kú ìnáwó. A ti ka gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kọ, pé ẹ wọ bàálù láti Houston dé Kóstá Ríkà torí ìjàpá òkun, wọn ò wá jẹ́ kẹ́ ẹ ya fọ́tò kankan, òjò pa yín, omi wọ bẹ́ẹ̀gì yín, ìjàpá kan péré lẹ sì rí. Ó dùn wá gan-an.

Ti bẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ̀bi wa ni, mi ò ní bá yín jiyàn. Kò sí títì mọ́tò tó dé abúlé Tortuguero, bọ́ọ̀tì la máa ń wọ̀ láti èbúté La Pavona, òjò ibẹ̀ ò sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ó yẹ ká ti sọ fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé pé kẹ́ ẹ fi náílọ̀n di ẹrù kẹ́ ẹ sì mú rénkóòtù dání. Àtẹ̀jíṣẹ́ tá a fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp ò sọ ọ́. A ti fi sí i báyìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ìyẹn ò ní yí padà. Òfin páàkì ni, kò sẹ́ni tí wọ́n ń gbà láyè láti tan fóònù tàbí kámẹ́rà létíkun tí ìjàpá ti ń yé ẹyin yẹn lálẹ́. Ẹni tó ń rọbí, ta ló ń tan iná sí i lójú? Mo fojú ara mi rí i lọ́dún kan, ìjàpá kan ti wọ́ ara ẹ̀ dé agbede méjì iyanrìn, ẹnì kan nínú àwọn tó wá wòran tan fóònù fírí báyìí, ìjàpá yẹn dúró, ó gbórí sókè, ó yípo, ó gbé ẹyin ẹ̀ padà sínú òkun. Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Torí ẹ̀ náà lẹ ṣe rí ẹyọ kan. Àwọn tó ń tọpa ìjàpá ló máa ń ṣáájú nínú òkùnkùn, tí wọ́n bá rí èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọ́n á pe gáìdì, torí tó bá ti ń yé, kì í fi bẹ́ẹ̀ ka èèyàn sí mọ́. Mọ́mì, ẹ rántí bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bu iyanrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ bu gàrí tí ò fẹ́ kó dà nù, tí ẹyin wá ń já bọ́ ní méjì mẹ́ta, tí wọ́n ń dán lábẹ́ iná pupa gáìdì? Ó máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan o! Kí ìjọba tó sọ ibẹ̀ di páàkì ní 1975, ẹran ìjàpá àti ẹyin wọn làwọn èèyàn ń kó tà, lónìí àwọn ará abúlé yẹn gan-an ló ń ṣe gáìdì, tá a bá wá tàpá sófin nítorí fọ́tò, kí la fẹ́ sọ fún wọn?

Ẹ ní ọmọ yín obìnrin fẹ́ fọ́tò tó máa mú lọ síléèwé. Ọ̀sán ò léèwọ̀, gáìdì wa ya yín nínú bọ́ọ̀tì lórí kánààlì, ọ̀bọ wà lórí igi lẹ́yìn yín, ọmọ yín ń nawọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. A máa fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ lónìí.

Ẹ bá wa fi rìsíìtì bẹ́ẹ̀gì àti bàtà tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi san owó, a máa dá owó ẹ̀ padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.