Iná ò jẹ phosphate inú eegun o

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ ra oúnjẹ adìyẹ ní Kubwa. Mo ní kí wọ́n bá mi wọn eérú eegun kún un, ni ọ̀gbẹ́ni kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá dá sí i: "Bùọ̀dá, ẹ má ra ìyẹn. Eegun tí wọ́n bá ti sun tó fi funfun, iná ti jẹ gbogbo agbára inú ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Iná wo? Calcium phosphate ló mú eegun le, irú èyí tí wọ́n ń pè ní apatite. Torí ẹ̀ náà la ṣe ń wọn eérú eegun kún oúnjẹ adìyẹ. Ó ń fara da ooru tó ju 1,000 Celsius lọ. Iná igi tí àwọn alápatà ń dá, agbára káká ló fi máa dé ibẹ̀.

Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí mo ń kàwé ní Zaria, a sun eegun màlúù, a lọ̀ ọ́ kúnná, a pò ó mọ́ iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní potassium bromide, a gbé e sínú ẹ̀rọ infrared. Ìtànṣán tí ojú ò lè rí ni ẹ̀rọ yìí ń tàn sí nǹkan. Ibi tí nǹkan náà bá ti gba ìtànṣán mu, ìlà orí bébà á já wálẹ̀ bíi kòtò. Eegun tí a ò tíì sun ní kòtò collagen, ìyẹn purotéènì inú eegun, ní nǹkan bí 1650, ti carbonate tó dàpọ̀ mọ́ apatite ní 1450 àti 870, ti phosphate láàárín 1030 sí 1090, pẹ̀lú ìbejì kan ní 565 àti 605. Iye ìgbì inú sẹ̀ǹtímítà kan ni nọ́ńbà wọ̀nyí. A wá sun ún ní 800 Celsius. Ti 1650 pòórá. Ti carbonate fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti phosphate ńkọ́? Ṣe ló tún mú ṣóńṣó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Kòtò hydroxyl, ìyẹn oxygen àti hydrogen tó so pọ̀ nínú apatite, sì yọjú ní 630, torí pé kírísítà náà ti tò dáadáa.

Wọ́n á ní ó fúyẹ́. Kó má fúyẹ́ kẹ̀? Omi àti collagen ló bá èéfín lọ. Ẹni tó bá ń wá purotéènì kó lọ ra ẹja gbígbẹ.

Inú eérú eegun yìí náà ni Scheele, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, ti ń yọ phosphorus, èròjà inú phosphate, ní Sweden láyé ọdún 1770. Àwo bone china tí àwọn ará England ń ṣe, bí ìdajì rẹ̀ ni eérú eegun, ooru tó ju 1,200 lọ ni wọ́n sì fi ń sun ún.

Ó dáa, mo gbà pé bí ooru bá pọ̀ jù, kírísítà á tóbi, kò ní tètè yọ́ nínú ásíìdì. Àmọ́ "kò tètè yọ́" kọ́ ni "kò sí mọ́."

Mudu mẹ́rin ni mo rà. Ọ̀gbẹ́ni náà ń mi orí títí mo fi wọ kẹ̀kẹ́.