Èsì ṣọ́ọ̀bù wa sí ìyá tó fún wa ní ìràwọ̀ kan nítorí awò ojú rẹ̀

Mà, ẹ ṣeun tí ẹ wá àyè kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù wa.

Ìràwọ̀ kan lẹ fún wa. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni wá, pé a gba ₦148,000 lọ́wọ́ yín lórí awò ojú tí kò jẹ́ kí ẹ rí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, pé a fi yín falẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wa rí yín fín, àti pé gíláàsì ₦3,500 tí ẹ rà lọ́jà Òkè-Ajé lẹ fi ń ka Bíbélì báyìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gbangba lẹ ti sọ tiyín, gbangba náà la ó ti fèsì, kí ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti ṣe awò ojú ní Ìjẹ̀bú-Òde lè gbọ́ tẹnu àwa náà.

Ọjọ́ Sátidé, 17 oṣù karùn-ún 2025 lẹ wọlé. Dókítà ojú wa, ẹni tó kàwé iṣẹ́ ojú ní yunifásítì tó sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ló yẹ ojú yín wò. Kò kánjú. Ó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì níwájú ojú yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi yín pé èwo ló mọ́ jù, ṣé èyí ni àbí ti ìṣáájú, títí ẹ fi ka ìlà tó kéré jù tí ojú yín lè kà lára ògiri. Nígbà tí ẹ dé káńtà, ọmọbìnrin wa kọ iye mẹ́ta sórí bébà fún yín: awò ìkàwé nìkan, ₦38,000, bifocal, ìyẹn awò tó pín sí méjì, òkè fún ọ̀nà jíjìn, ìsàlẹ̀ fún ìwé kíkà, ₦65,000, progressive, ìyẹn èyí tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìní ìlà láàárín, ₦148,000. Owó férémù ti wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ bifocal, pé ìlà tó wà láàárín rẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀ pé ènìyàn ti ń dàgbà. Kò sí ẹni tó fi tipátipá ta progressive fún yín. Bébà yẹn ṣì wà nínú fáìlì wa, ẹ̀yin lẹ sì fi bírò yí ₦148,000 ká.

Ẹ ò mẹ́nu ba férémù rárá nínú ohun tí ẹ kọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí ẹni tó ń kà á lè mọ ohun tí à ń sọ: òkè lẹ́ǹsì progressive ni wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, àárín rẹ̀ ni wọ́n fi ń wo ohun tí ọwọ́ lè tó, irú bí ojú kọ̀ǹpútà tàbí ìkòkò lórí iná, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ti ìwé kíkà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nísàlẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a, èyí tó wọ́n jù lọ náà kò bọ́ nínú rẹ̀ tán. Nítorí náà, férémù gbọ́dọ̀ ga tó láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè gbà sínú rẹ̀. Èyí tí ọmọbìnrin wa kọ́kọ́ gbé fún yín ga ní mìlímítà 34. Ẹ ní ti àwọn bàbá arúgbó ni. Èyí tí ẹ mú kò ju mìlímítà 26 lọ, a sì fi rúlà wọ̀n ọ́n níṣojú yín. Ó ṣàlàyé fún yín pé ibi ìkàwé máa há, pé ìsàlẹ̀ lẹ́ǹsì ni wọ́n máa gé dànù. Ẹ ní kò burú. Ó kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ pé férémù kéré, ẹ fọwọ́ sí i.

A kì í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí oge. Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ ohun tí Ojúde Ọba, ọdún tí à ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, jẹ́ fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Láti ọdún 2024 tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba, pẹ̀lú awò dúdú lójú, ti gba orí fóònù gbogbo ènìyàn kan, kò sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tí kò fẹ́ kí awò ojú bá aṣọ mu. Iṣẹ́ wa ni kí a sọ òótọ́ fún oníbàárà kó tó sanwó. A sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ńkọ́? Ọjọ́rú, 21 oṣù karùn-ún, ẹ pè wá pé kí a pààrọ̀ férémù náà, pé ẹgbẹ́ yín ti fẹnu kò sí aláwọ̀ wúrà. Lẹ́ǹsì tí wọ́n bá ti gé fún férémù kan kì í wọ òmíràn, bí agbádá tí télọ̀ ti gé fún ẹnìkan kì í ṣe é gbé wọ ẹlòmíràn lọ́rùn. A ní láti fi férémù tuntun sí yín lójú, kí a fi bírò tó àmì sí ibi tí ẹyinjú yín gan-an dúró sí, lọ́tùn-ún àti lósì, kí a tó lè ránṣẹ́ sí Èkó. Sátidé, ọjọ́ 24, lẹ tó ráyè wá fún ìyẹn. Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà, iṣẹ́ ti dé, ẹ sì gbà á lọ́jọ́ náà. Iléyá di ọjọ́ kejì, Ojúde Ọba di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ẹ sì lò ó lọ síbẹ̀. A rí fọ́tò yín. Ó yẹ yín.

Ìgbà tí ẹ pè tí a ò gbé fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Èyí tó dùn mí jù ni olè tí ẹ pè wá. Òkè òkun ni lẹ́ǹsì tí à ń lò ti ń wá, láì tíì ní nọ́ńbà ojú ẹnikẹ́ni lára. Èkó ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ sí nọ́ńbà ẹni tó ni ín, wọ́n á wá fi í sínú mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde, àwa á lọ gbà á ní páàkì, a ó gé e bá férémù mu pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lo iná jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra lẹ́ǹsì yẹn wọlé. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báǹkì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó ṣe awò ojú ní 2022, tó wá ń fi iye ìgbà yẹn wọn tiwa, kò ṣe wá dáadáa. A mọ̀ pé owó náà pọ̀. A ń rí àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń wọlé wá, tí wọ́n á gbọ́ iye, tí wọ́n á kàn rọra dìde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà. Olè kì í ta ọjà láwìn, mà.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ó jọ pé ayédèrú ni lẹ́ǹsì náà. Ẹ bọ́ awò yín, ẹ mí hàà sí i kó ṣú, kí ẹ wá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ ó rí àmì tín-tìn-tín méjì tí wọ́n fín sára lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ ọ̀kan, ẹ ó rí nọ́ńbà agbára ìkàwé yín. Nísàlẹ̀ èkejì, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ fi wé ìwé tí a fún yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ra progressive, ní ṣọ́ọ̀bù yòówù kó jẹ́, lè yẹ tirẹ̀ wò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà, lẹ padà wá pé ẹ fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ohun tí a bá lára awò náà, a fi hàn yín: apá òsì ti là síta, ó ti wọ́, awò sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí àárín imú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ẹ wé gèlè lé apá rẹ̀ lórí lọ́jọ́ Ojúde Ọba, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gèlè tó le máa ń ti apá awò síta ni. Tí progressive bá ti sọ̀ kalẹ̀ tàbí tó wọ́, ojú kan á máa wo ibi ìkàwé, èkejì á máa wo àárín, orí á sì máa fọ́ ẹni tó lò ó. Ọmọbìnrin tí ẹ ní ó rí yín fín yẹn ló ki apá rẹ̀ bọ inú iyanrìn gbígbóná, tó tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, tó ń fi sí yín lójú tó tún ń bọ́ ọ, títí ó fi jókòó. Kò gba kọ́bọ̀.

Ohun tó wá sọ ni pé, “Mà, tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n wálẹ̀, kí ẹ fi òkè lẹ́ǹsì wo àtẹ̀gùn. Tí ẹ bá fi ojú nìkan wo ilẹ̀, ibi ìkàwé lẹ máa fi wò ó, á ṣú.” Ẹ lọ kọ ọ́ pé ọmọ kékeré ń kọ́ yín ní ìrìn. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà nígbà tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra progressive la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, ojú ẹlòmíràn sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá ń bọ́ ọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó tún ń gbé gíláàsì ọjà sójú, ojú tirẹ̀ máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gíláàsì ₦3,500 náà, a ò ní parọ́ mọ́ ọn. Kì í ba ojú jẹ́. Láti nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún sókè, lẹ́ǹsì tí Ọlọ́run dá sínú ojú máa ń le sí i, kì í lè tẹ̀ mọ́ láti wo ohun tó sún mọ́ ọn, òun ló ń mú kí ènìyàn na fóònù jìnnà kó tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Gíláàsì ọjà lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti kàwé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà ló wà lójú méjèèjì, ẹ ò sì lè fi í mọ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè. Awò tó ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ lẹ wá rà lọ́dọ̀ wa. Ẹ ń fi èyí tó ń ṣe ọ̀kan dá a lẹ́bi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn tó bá ka ọ̀rọ̀ yín lè gbà pé gíláàsì ọjà ti tó. Ẹni tó tà á fún yín kò wo inú ojú yín. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, dókítà wa wọn ìfúnpá ojú yín, ó tan iná wo ẹ̀yìn ojú yín, ẹ ò sì kọ ìyẹn sílẹ̀. Gìlókómà, àrùn tó ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́, máa ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ, pàápàá ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dun ènìyàn rárá. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Kí onítọ̀hún tó fura, ó ti jìn. Èyí tó bá ti mú lọ, kò sí awò, kò sí iṣẹ́ abẹ tó ń dá a padà; oògùn tí wọ́n ń kán sójú kàn lè mú kí ìyókù pẹ́ ni. Ti katarákìtì, ìyẹn kí lẹ́ǹsì inú ojú ṣú, yàtọ̀, iṣẹ́ abẹ máa ń yọ ọ́ kúrò, ojú á sì tún mọ́. Àwọn kan ń ra gíláàsì ọjà lọ́dọọdún, wọ́n ń fi agbára kún un, wọ́n rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ inú ojú yín wò, ì báà má jẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí a máa ṣe fún yín rèé, mà. Kò sí ohun tó sọ ọ́ di dandan fún wa, nítorí lẹ́ǹsì tí wọ́n ti gé fún ojú yín kò ṣe é tà fún ẹlòmíràn. Kí oṣù keje tó parí, ẹ wá mú férémù tó ga, a ó ṣe progressive tuntun sínú rẹ̀. Owó férémù nìkan lẹ máa san, àwa la ó gbé ti lẹ́ǹsì. Tó bá sì jẹ́ bifocal lẹ fẹ́ báyìí, a ó ṣe é fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì tún mú ti tẹ́lẹ̀ dání. Títún apá awò ṣe, títí ayé ni, kò lówó.

Ọjọ́ Ajé sí Sátidé la máa ń ṣí, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọmọbìnrin tí ẹ kọ̀wé lé lórí yẹn náà ni yóò dá yín lóhùn, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù wa tí iṣẹ́ yẹn yé tó bó ṣe yé e.