Èsì wa sí oníbàárà tó ra RAM 4400: ojúlówó ni, ẹ má tíì dá a padà

Ẹ kú iṣẹ́ o, oníbàárà wa. Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tó ń dùn yín, tí ẹ sì fi àwòrán sí i, torí àwòrán yẹn ló jẹ́ ká rí ibi tí wàhálà wà. Kí ẹni tó bá ń kà á lè bá wa lọ: RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó dátà sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́) DDR4-4400 CL19 lẹ rà lọ́wọ́ wa (4400 ni ìyára rẹ̀, CL ni iye ìgbà tí aago rẹ̀ máa lù kó tó dáhùn), méjì, 8 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fi í sínú kọ̀ǹpútà tó ní pròsẹ́sọ̀ AMD Ryzen 5 5600X. Ẹ ní CPU-Z, ètò tó ń fi ohun inú kọ̀ǹpútà hàn, ń kọ 2200 síbi tó yẹ kó kọ 4400. Ẹ ní AIDA64, ètò tó ń wọn ìyára, ka ìdádúró rẹ̀ (àkókò tí pròsẹ́sọ̀ fi ń retí RAM) sí nánósẹ́kọ́ńdì 76, bẹ́ẹ̀ RAM 3600 CL16 tí àbúrò yín rà lówó tó kéré sí tiyín, lórí 5600X bíi tiyín, 65 ló kà. Ẹ wá fún wa ní ìràwọ̀ kan, ẹ ní ayédèrú la tà fún yín.

Ayédèrú kọ́ o. Ọ̀rọ̀ 2200 yẹn ò le rárá: bí aago DDR bá lù lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbé dátà. Aago 2200 MHz ló ń jẹ́ 4400. Ẹ ní kí àbúrò yín ṣí CPU-Z tirẹ̀ wò, nǹkan bí 1800 ló máa bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdádúró yẹn ló gba àlàyé, inú wa sì dùn pé ẹ wọ̀n ọ́n, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra nọ́ńbà ńlá lọ sílé tí wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò láéláé.

Abẹ́ ìdérí irin 5600X, ègé sílíkọ́nì méjì ló wà níbẹ̀. Core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn apá tó ń ṣe ìṣirò, wà lórí ọ̀kan. Apá tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ wà lórí èkejì. Ọ̀nà tí AMD ń pè ní Infinity Fabric ló so àwọn méjèèjì pọ̀, kò sì sí ohun tí core fẹ́ mú nínú RAM tí kò ní gba ọ̀nà yẹn lọ, kó tún gba ibẹ̀ bọ̀. Nítorí náà, aago mẹ́ta ló ń lù: ti RAM fúnra rẹ̀, MCLK, ti apá tó ń bá RAM sọ̀rọ̀, UCLK, àti ti ọ̀nà yẹn, FCLK. Nígbà tí Ryzen kọ́kọ́ jáde ní 2017, ṣe ni AMD so aago ọ̀nà mọ́ ti RAM, kò sí bí èèyàn ṣe lè tú wọn. Láti orí Ryzen 3000 ní 2019 ni wọ́n ti tú u. Tí RAM kò bá kọjá 3600, mọ́dábọ́ọ̀dù á fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí òǹkà kan náà. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú BIOS (ibi tí a ti ń to kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí), UCLK á já sí ìdajì MCLK, FCLK á sì dúró sí 1800.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín nìyẹn. Ẹ wa ZenTimings, ètò tó ń fi àwọn aago yìí hàn, sórí rẹ̀ kí ẹ ṣí i: MCLK 2200, UCLK 1100, FCLK 1800. Kò sí méjì tó bára mu nínú wọn. Ẹ wo àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Tí wọ́n bá ń lù ú létòlétò, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kejì. Tí ọwọ́ wọn ò bá dọ́gba, ẹni tó yára á gbé ọmọ odó sókè, á máa retí kí ti ẹnì kejì kúrò lọ́nà. Ìretí yẹn ni AIDA64 ń kà fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ sọ CL di púpọ̀ lọ́nà 2000, kí ẹ fi ìyára RAM pín in. Tiyín, 19 lórí 4400, jẹ́ nánósẹ́kọ́ńdì 8.64. Ti àbúrò yín, 16 lórí 3600, jẹ́ 8.89. Ẹ rí i pé RAM yín gan-an ló yára jù, àmọ́ èrè rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin nánósẹ́kọ́ńdì kan lọ. Lójú ọ̀nà, ẹ wá pàdánù mọ́kànlá.

Ìwọ̀n dátà náà ńkọ́? RAM méjì lórí 4400 lè gbé 70.4 GB láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ṣùgbọ́n báìtì 32 ni Fabric ń kó wá fún core tó ń ka dátà nínú RAM, ní gbogbo ìgbà tí aago rẹ̀ bá lù; lórí 1800, 57.6 GB nìyẹn. RAM méjì lórí 3600 náà, 57.6 GB gẹ́lẹ́! Ìdí tí gbogbo àwa tó ń to kọ̀ǹpútà fi ń pariwo 3600 fún Ryzen 5000 nìyẹn. Ohun tó bá lé sí i, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Ẹlòmíràn á béèrè pé kí ló dé tí a fi ń ta 4400 nígbà náà. Àwọn tó ní pròsẹ́sọ̀ 5600G ló ń rà á jù. Ègé kan ṣoṣo ni tìyẹn, FCLK rẹ̀ sábà máa ń kọjá 2000 dáadáa, apá tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ sì ń jẹ ìwọ̀n dátà gan-an torí inú RAM yìí kan náà ló ti ń jẹun. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á, ẹ ò bá wa sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, a ò lè mọ pròsẹ́sọ̀ tó wà nílé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó kù, ẹ máa fi orúkọ pròsẹ́sọ̀ ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ní Ryzen 7000, DDR5 ni tirẹ̀, 6000 la sì máa ń sọ fún un.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé, ẹ ò ní náwó kún un. Ẹ wọ BIOS. Ẹ jẹ́ kí XMP (ètò ìyára tí wọ́n ti kọ sínú RAM) wà ní títàn, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyára RAM di 3600, FCLK di 1800, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n kọ UCLK sí, kí ẹ mú èyí tó ní UCLK==MEMCLK. Ẹ sọ CL di 16. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀: chip tó lè jẹ́ 19 lórí 4400 ti ń ṣe iṣẹ́ tó le ju 16 lórí 3600 lọ. Ẹ má fọwọ́ kan fóltéèjì tí XMP fi sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi MemTest86, ètò tó ń wá àṣìṣe nínú RAM, dán an wò mọ́jú. Tó bá yege, tó sì wù yín, ẹ gbé e dé 3733 pẹ̀lú FCLK 1866, tàbí 3800 pẹ̀lú 1900. Pròsẹ́sọ̀ míì á gbà, òmíràn ò ní gbà. Tí ẹ bá ṣí Event Viewer (ìwé àkọsílẹ̀ Windows) tí ẹ bá WHEA-Logger 19, àmì àṣìṣe, níbẹ̀, ẹ tètè padà sí 3600, kódà tí kọ̀ǹpútà ò bá tíì kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Tí ẹ ò bá fẹ́ ṣe gbogbo wàhálà yìí, ẹ gbé e wá bá wa ní Computer Village, Ìkẹjà, pẹ̀lú páálí rẹ̀ àti rìsíìtì. A máa fún yín ní 3600 CL16, a ó sì dá owó tó bá ṣẹ́ kù padà fún yín lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà náà dání, a máa tún BIOS yẹn ṣe níṣojú yín, a ò ní gba kọ́bọ̀.