Ẹ Kọ Ọ́ Síwájú Ike

Láti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2023, kálukú ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ aspartame, àfidípò ṣúgà tí wọ́n ń fi mú ohun mímu dùn. IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO), ní ó ṣeé ṣe kó fa àrùn jẹjẹrẹ. Lọ́jọ́ kan náà, JECFA, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí WHO àti àjọ oúnjẹ àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ, ní kò sídìí láti yí ìwọ̀n àtijọ́ tí kò yẹ kéèyàn kọjá padà: 40 mílígíráàmù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n. Ìkéde méjèèjì ò ta kora. Ọ̀kan ń sọ pé ejò wà nínú igbó, èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀ wa tó.

Nítorí náà, a ò ní bá ẹnikẹ́ni pariwo. Aboyún tó wọn kílò 70 yóò ti mu ju agolo mẹ́sàn-án ohun mímu tó ní aspartame lọ lójúmọ́ kó tó kọjá ààlà, bí agolo kan bá gbé 300 mílígíráàmù. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó wà nínú agolo nìkan ló lè ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Aboyún tiwa kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń sọ bọ̀ nìyẹn, tó jọ pé etí dídi là ń sọ ọ́ sí.

Kì í ṣe ike tí wọ́n kọ "diet" sí nìkan ni àfidípò ṣúgà wà. Ó wà nínú mínírà tí gbogbo ayé gbà pé ṣúgà lásán ni, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ike, kó sí àárín lẹ́tà tó rí bí èèrùn. Nílùú Ọba, ẹ̀gbẹ́ orúkọ ohun mímu gan-an ni òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ sí pé ṣúgà àti àfidípò ṣúgà wà nínú rẹ̀. Kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀? Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi náírà 10 lé líttà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìjọba rí líttà kà, àní líttà kan ò ní bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mílígíráàmù tó ń wọ inú aboyún ni wọn ò rójú kà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, WHO ní ká má fi àfidípò ṣúgà wá bí a ó ṣe fọn. Àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ so lílò rẹ̀ nínú oyún mọ́ bíbímọ láìpé oṣù, bí ẹ̀rí náà ò tilẹ̀ lágbára. Wọ́n yọ ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn yìí. Ẹni tí àtọ̀gbẹ wá bá nínú oyún ńkọ́? Òun gan-an ni nọ́ọ̀sì ń sọ fún pé kó fi ṣúgà sílẹ̀, òun náà ló ń kúrò níbẹ̀ lọ ra ohun tí wọ́n ní kò ní ṣúgà.

Sákárìn, àfidípò ṣúgà mìíràn, ló tiẹ̀ ń kọ wá lóminú jù. Ó ń gba ibi ọmọ kọjá, kì í sì í tètè kúrò lára ọmọ inú. Ìwọ̀n tí JECFA fi lélẹ̀ fún un jẹ́ mílígíráàmù 5 fún kílò kan: 300 péré lójúmọ́ fún obìnrin tó wọn kílò 60, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí tíì. Ta ló ń bá oníṣóbò àti oníkúnú tó ń lò ó wọn ọ́n? Ojú ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. A ò bá wọn wí o, ẹni tó bá mọ iye tí ṣúgà ń lọ lọ́jà kò ní bá wọn wí.

Ìwé "ẹ má fòyà" kọ́ là ń bèèrè lọ́wọ́ NAFDAC. Kí wọ́n pàṣẹ pé kí orúkọ àfidípò ṣúgà àti iye mílígíráàmù rẹ̀ wà níwájú ike, ní lẹ́tà tó ṣeé kà. Kí wọ́n tẹ ìwọ̀n náà ní Yorùbá, kí nọ́ọ̀sì rí i kà lọ́jọ́ tí àwọn aboyún bá kóra jọ, kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó lóyún nígbà tí a kọ́kọ́ bèèrè fún èyí ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ.