Kì í ṣe gbogbo láptọ́ọ̀pù tó ń falẹ̀ ló ní fáírọ́ọ̀sì, ẹ má tíì fọ́ọ́mátì ẹ̀

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tó ń falẹ̀ lọ sí Panseke tàbí Ọbáńtokò, lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe tó tan án gan-an ló ti máa sọ pé "fáírọ́ọ̀sì ti wọnú ẹ̀, àfi ká fọ́ọ́mátì ẹ̀". Àwa náà á sì gbà torí ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì wà o, mi ò ní kò sí, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà iṣẹ́ tí Windows fúnra ẹ̀ ń ṣe lábẹ́lẹ̀ ló ń mú kó falẹ̀, a ò kàn rí i ni. Ó ń dùn mí gan-an torí ọmọ Yunifásítì FUNAAB tó ń kọ project lọ́wọ́ lè gbé láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ láàárọ̀ kó wá bá a lálẹ́ pé ó ti mọ́ tónítóní, gbogbo chapter tó ti kọ ti lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan tó ń dà á láàmú lè parí fúnra ẹ̀ ká ní ó fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á jáde. Ẹ tẹ orí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ orí Memory (RAM), ẹ tẹ orí Disk (ibi tí fáìlì wà) lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń jẹ ẹ́ jù á bọ́ sókè. Tẹ́ ẹ bá rí Antimalware Service Executable, Windows Defender nìyẹn, òun gan-an ló ń wá fáírọ́ọ̀sì kiri inú fáìlì yín, ká wá pè é ní fáírọ́ọ̀sì dà bí ká máa pariwo olè lé ọdẹ àdúgbò lórí. Windows Modules Installer Worker, update ló ń ṣe. Search Indexer ń ka fáìlì yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè tètè rí i tẹ́ ẹ bá wá a. Svchost (Service Host) tó pọ̀ lọ jàra yẹn, tó ń gbé àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Windows, náà ò burú, láti 2017 ni Windows 10 ti ń pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí RAM ẹ̀ bá ti tó 3.5GB.

Tiwa níbí tún wá le sí i nítorí iná. Láptọ́ọ̀pù á wà ní pípa fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n ṣáà ti mú iná dé, ẹ tan án, ẹ so ó mọ́ hotspot fóònù, update, scan, gbogbo iṣẹ́ tó ti ń dúró á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá wá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣì ń lo hard disk tó ń yí, Disk á kọ 100%, mouse gan-an á máa wọ́.

Fọ́ọ́mátì wá ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, Windows á tún bẹ̀rẹ̀ update látòkè, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka fáìlì. Òótọ́ ni pé ó máa ń yá díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ohun tó sì ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn, àwọn app tó máa ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ló ti lọ. Ẹ lè pa àwọn yẹn fúnra yín ní Startup nínú Task Manager kan náà, fáìlì kan ò ní sọnù.

Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ iná, ẹ fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má pa á, kó ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ data fóònù lẹ ń lò, ẹ fi Wi-Fi yẹn sí metered nínú Settings (ìyẹn ni pé kí Windows máa ṣọ́ data lò), kò ní fi bẹ́ẹ̀ fa update. Tọ́kàn yín ò bá balẹ̀ lórí fáírọ́ọ̀sì, ẹ wọ Windows Security, ẹ ṣe offline scan (ó ń wá fáírọ́ọ̀sì kí Windows tó tan), láptọ́ọ̀pù máa pa ara ẹ̀, á sì tún ara ẹ̀ tàn, ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú 15. Àmọ́ tí Disk bá ṣì ń kọ 100% lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tètè kó fáìlì yín jáde, hard disk yẹn lè ti fẹ́ kú, SSD (èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú) ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀.